Kí Alápatà Tó Gé E: Bí A Ṣe Ń Yan Ẹran, Adìyẹ àti Ẹja Tó Dára

Ẹ̀dọ̀ ni mo lọ rà lọ́jọ́ náà, ní ọjà kan n'Íbàdàn. Ó ń dán lórí tábìlì alápatà. Mo ní kí wọ́n wọn kílò kan fún mi, mo sanwó, mo gba ọ̀rá mi, ó di ilé. Ìgbà tí mo dà á dé sórí pákó tí mo fi ń gé ẹran ni mo tó rí abẹ́ rẹ̀, apá tó fi lé tábìlì. Àwọn okùn funfun kan tó le gba inú ẹ̀dọ̀ náà kọjá bíi gbòǹgbò igi. Mo fi ọ̀bẹ la ọ̀kan. Nǹkan pẹlẹbẹ kan yọ jáde, ó rí bí ewé kékeré, àwọ̀ eérú, ó sì tún ń ká ara rẹ̀ kò.

Aràn ẹ̀dọ̀ ni. Létí àbàtà ni màlúù ti ń kó o, níbi tí ìgbín omi kékeré kan ti ń tọ́ ọmọ aràn náà dàgbà. Ẹni tó bá jẹ irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ ní jíjinná kò ní kó aràn yẹn níbẹ̀, àmọ́ ta ló fẹ́ jẹ ẹ́? Láti ọjọ́ náà, mi ò sanwó ẹran tí mi ò tíì yí padà wo abẹ́ rẹ̀.

Bí mo ṣe ń ra ẹran màlúù, àgbò, adìyẹ, àrọ̀ àti òkú Èkó ni mo fẹ́ kọ síbí. Mo máa sọ̀rọ̀ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ẹran náà pẹ̀lú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú nìkan o. Ohun tí ojú ẹran rí kó tó kú máa ń hàn lára rẹ̀, ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò á rí i.

Aago tí ẹ máa kúrò nílé

Ìdájí ni wọ́n ń pa ẹran. Bó jẹ́ odò ẹran Oko-Ọba l'Ágége ni o, bó jẹ́ Amósùn ní Akínyẹlé lẹ́bàá Ìbàdàn ni o, kí ilẹ̀ tó mọ́ kedere ni ẹran ti ń wọ mọ́tò lọ sí ọjà kéékèèké. Láti ìgbà náà, orí tábìlì ló wà, láìsí yìnyín. Àwọn onímọ̀ oúnjẹ ní kí ẹran tútù má ṣe lò ju wákàtí 2 lọ níta. Tí ooru bá ti kọjá 32°C, kó má ju wákàtí 1 lọ. Ẹ̀yin náà mọ bí ooru ọjà wa ṣe rí. Nítorí náà, láàárín aago 7 sí 8 àárọ̀ ni mo máa ń dé ìsọ̀ ẹran. Ẹran aago 4 ìrọ̀lẹ́ máa ń dínwó lóòótọ́. Ẹ ṣáà mọ ìdí tó fi dínwó.

Ẹ bi alápatà léèrè ibi tí wọ́n ti pa á. Ní odò ẹran tí ìjọba mọ̀, dókítà ẹran ló yẹ kó wo màlúù lórí ìdúró, kó tún wo inú rẹ̀ tí wọ́n bá ti là á, kó tó lu òǹtẹ̀ sí i lára. Mo ní "ó yẹ", torí kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n pa lẹ́yìnkùlé, tàbí tí wọ́n sáré dúńbú torí pé ó ti ń kú lọ lójú ọ̀nà, kò rí dókítà kankan rárá. Alápatà tí ọkàn rẹ̀ mọ́ á dá yín lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà: "Amósùn ni, ìyá mi, àárọ̀ yìí ni." Èyí tó bá ní "Ṣé ẹran lẹ fẹ́ rà ni àbí ọlọ́pàá ni yín?", ẹ kí i, kí ẹ máa lọ.

Ní ìsọ̀ ẹran màlúù

Òkè Ọya ni ọ̀pọ̀ màlúù tí à ń jẹ ti ń wá. Láti Maiduguri dé Èkó lé ní 1,000 kìlómítà, orí ìdúró sì ni wọ́n máa ń wà nínú tírélà, wọ́n há mọ́ra, omi tí wọ́n ń rí mu kò tó nǹkan. Èyí tó bá ṣubú, àwọn yòókù á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí wọ́n bá dé, ẹ ó rí i tí wọ́n ń lọ́ ọ nírù kó lè dìde.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀. Ṣúgà kan wà nínú iṣan ẹran. Tí a bá pa màlúù tó ti sinmi, ṣúgà yẹn á máa di asíìdì díẹ̀díẹ̀, asíìdì náà ló sì ń jẹ́ kí ẹran pọ́n, kó rọ̀, kó má tètè bàjẹ́. Màlúù tí ìrìn àti ìbẹ̀rù ti lò gbẹ, ṣúgà rẹ̀ ti tán kó tó dé abẹ́ ọ̀bẹ. Ẹran rẹ̀ á dúdú, á gan, á máa lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́, kì í sì í pẹ́ rùn. Tí mo bá rí ẹran tó dúdú bí ẹ̀dọ̀, tó ń lẹ̀, tí alápatà sì ń sọ pé "màlúù tó gbó ni, òun ló máa ń dùn", mi ò ní bá a jiyàn, mi ò sì ní rà á.

Ẹran tó dára pọ́n, pípọ́n rẹ̀ mọ́; ọ̀rá rẹ̀ funfun tàbí kó ní àwọ̀ òrí. Tí ẹ bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ó máa padà sípò. Tí ojú ibi tí ẹ tẹ̀ bá jin kòtò síbẹ̀, ó ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ gbé e sún mọ́ imú, ẹ má tijú. Òórùn ẹ̀jẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kò burú, òórùn kíkan ni kò dáa.

Àwọn kan máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tútù pa ẹran àná lára kó lè dà bíi tuntun. Tíṣù ni mo fi ń mú wọn. Mo máa ń mú tíṣù kan dání nínú báàgì, màá fi nu ojú ẹran náà lẹ́ẹ̀méjì. Ẹran tuntun á fi àbàwọ́n díẹ̀ sílẹ̀, pupa rẹ̀ á sì wà níbẹ̀ síbẹ̀. Èyí tí wọ́n kùn, ẹ̀jẹ̀ á ṣí kúrò bí ọ̀dà, àwọ̀ ràkọ̀ràkọ̀ á yọ lábẹ́. Alápatà kan bínú sí mi nígbà kan tí mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹnìkejì rẹ̀ tó wà lódìkejì rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wá nu tòun. Ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni mo ti ń rajà títí di òní.

Inú ẹran ló gba sùúrù jù. Ẹ̀dọ̀, ẹ yí i padà bí mo ṣe wí, kí ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀bẹ là á níwájú yín. Fùkù, ẹ fi ọwọ́ tẹ gbogbo ara rẹ̀. Fùkù tó dára rọ̀ bíi fóòmù. Tí ẹ bá kan kókó líle, tí wọ́n là á, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì dà bíi wàràkàṣì tó gbẹ, àwọ̀ ìyeyè, tó ń dún lẹ́nu ọ̀bẹ bí iyanrìn, ikọ́ fée ti màlúù ló máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó lè ran ènìyàn. Ẹ má ra fùkù náà, ẹ má sì ra ohunkóhun mìíràn lára màlúù yẹn, títí kan ẹran iṣan tó mọ́ lójú. Ṣàkì àti abọ́dí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣòro: kó tutù, kó má yọ̀ bí ilá, kó má ní àwọ̀ ewéko.

Pọ̀nmọ́ ńkọ́? Mo fẹ́ràn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má wulẹ̀ wá sọ fún mi pé kò ní èròjà nínú. Ohun tí mo ń sá fún ni èyí tí wọ́n fi táyà tàbí ike sun. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀: tó bá ń rùn bí epo mọ́tò tàbí kẹrosíìnì, ọṣẹ kan ò lè fọ ìyẹn kúrò. Èyí tí wọ́n fi omi gbígbóná bó, tó funfun, ni mo ń rà.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù lórí màlúù, kò sì gba àwàdà. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, lẹ́yìn tí àrùn anthrax ti pa ẹran àti ènìyàn ní àríwá Gánà, ìjọba àpapọ̀ kìlọ̀ fún wa nípa pọ̀nmọ́, ẹran ìgbẹ́ àti ẹran yíyan. Ní oṣù keje wọ́n rí àrùn náà ní oko kan ní Suleja, Ìpínlẹ̀ Niger. Màlúù tàbí ewúrẹ́ tó bá kú lójijì, tí ẹ̀jẹ̀ tí kò dì ń jáde nímú, lẹ́nu àti nídìí rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ má là á rárá, torí afẹ́fẹ́ tó bá kan ẹ̀jẹ̀ náà ni yóò sọ kòkòrò rẹ̀ di ohun tó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Dókítà ẹran ni kí ẹ pè. Àwọn àgbà wa tí wọ́n kórìíra òkúǹbete kò ṣì í ṣe.

Àgbò àti ewúrẹ́

Ibí yìí lọwọ́ yín ti lè tẹ gbogbo rẹ̀, torí láàyè lẹ máa ń rà á. Kí ẹ tó sún mọ́ ọn, ẹ dúró lọ́ọ̀ọ́kán wò ó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ṣé ó wà láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ àbí ó dá dúró, tó gbé orí sílẹ̀? Ṣé ó ń jẹ àpọ̀jẹ? Ẹran tó ń jẹ àpọ̀jẹ, ara rẹ̀ balẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá wo imú: kó tutù, kó mọ́. Tí kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bá ń dà nímú, tí ìpin kún ojú rẹ̀, tó ń sín, tó tún ń ṣunú, káátà nìyẹn, àrùn tó lè pa agbo ẹran tán. Ìgbẹ́ ẹran tó lára le máa ń rí róbótó-róbótó. Ẹ fi ọwọ́ tẹ eegun ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ikùn ńlá tàn yín: tí eegun bá mú bí ayùn, kò sí ẹran lára rẹ̀. Ẹ la ẹnu rẹ̀: tí eyín ńlá méjì bá ti hù níwájú ìsàlẹ̀, ó ti lé lọ́dún kan.

Bí ẹ ṣe máa gbé e délé ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣe é báṣubàṣu. Mo ti rí àgbò tí wọ́n há sínú búùtù mọ́tò lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n sì dúró ra búrẹ́dì lọ́nà. Ìgbà tí wọ́n ṣí i, ahọ́n ti yọ síta. Ẹ gbé e sínú ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń wọ̀. Ó kéré tán, kó lo ọjọ́ kan nílé yín lábẹ́ ibòji, pẹ̀lú omi, kí ẹ tó pa á. Ẹ lè dá oúnjẹ rẹ̀ dúró ní wákàtí 12 ṣáájú kí inú rẹ̀ lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má gba omi lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń dúńbú fún iléyá kúkú ti mọ̀ pé Ànábì pa á láṣẹ kí èèyàn pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀, kó má sì jẹ́ kí ẹran jìyà. Kó yé wa pé ọ̀bẹ tó kú kì í ṣe ọ̀rọ̀ àìríowó-ra-tuntun. Ohun tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ kò wọ́n. Ẹ má pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, ẹ má sì pa ọ̀kan níwájú èkejì. Èyí tí wọ́n dè sí ẹ̀gbẹ́ kan tó ń wò, ó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Tí owó àgbò kan bá ti pọ̀ jù fún ilé kan, ìdílé mẹ́rin lè dá owó ra màlúù kékeré, kí wọ́n pe dókítà ẹran wá wò ó, kí wọ́n pín in. Mo rò pé ọ̀nà tó dára jù lọ nìyí láti jẹ ẹran tí ojú yín mọ̀, ó sì máa ń dínwó ju kílò ọjà lọ.

(Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Lọ́ńdọ̀nù: ewúrẹ́ tí wọ́n fi iná bó irun rẹ̀ tí awọ sì wà lára rẹ̀, mo mọ̀ pé ó ń ṣe yín bíi ti ilé. Òfin ibẹ̀ kò gbà á kí wọ́n tà á, nítorí náà èyí tí wọ́n ń tà lábẹ́lẹ̀, kò sí dókítà tó wò ó.)

Adìyẹ

Ó ti lé ní ogún ọdún tí ìjọba ti fòfin de kíkó adìyẹ dídì wọ Nàìjíríà láti òkè òkun. Síbẹ̀ ó ń wọlé láti Kútọnu, gba inú igbó àti odò, nínú ọkọ̀ tí kò ní fíríìjì. Ó ń yọ́, ó ń dì, ó tún ń yọ́. Ẹ wo inú ọ̀rá rẹ̀: tí omi ẹ̀jẹ̀ bá ti dì ní ìsàlẹ̀ bí yìnyín pupa, ó ti yọ́ rí. Tí awọ rẹ̀ bá ní ojú funfun gbígbẹ káàkiri, ó ti pẹ́ nínú fíríìsà. Mi ò ra èyí tí wọ́n kó sórí tábìlì láìsí àmì oko kankan lára rẹ̀.

Láàyè ló dára jù. Ògbe orí rẹ̀ kó pọ́n, ojú rẹ̀ kó là, ìdí rẹ̀ kó gbẹ. Ìgbẹ́ aláwọ̀ ewé tó lẹ̀ mọ́ ìyẹ́ ìdí, pẹ̀lú ọrùn tó ń yí, lúkúlúkú ni. Ẹ gbé e sún mọ́ etí yín: tó bá ń mí hòrò-hòrò, ẹ dá a padà. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sókè. Ibẹ̀ ni ìwé ìrìnnà rẹ̀ wà. Adìyẹ tí wọ́n sìn sórí ìdọ̀tí tútù, tí ìgbẹ́ rẹ̀ ń jó o, á ní egbò dúdú lábẹ́ ẹsẹ̀ àti ní orúnkún. Èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́, ibi gbígbẹ ni wọ́n ti sìn ín.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn oníbàárà kì í bi ẹni tó ń sin adìyẹ: "Ìgbà wo lẹ fún un ní oògùn kẹ́yìn?" Oògùn apakòkòrò kọ̀ọ̀kan ló ní iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀, tó gbọ́dọ̀ kọjá kí wọ́n tó ta adìyẹ náà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ á mọ ọjọ́ náà lórí. Adìyẹ ìbílẹ̀ tàbí Noiler tó ń jẹ̀ káàkiri wọ́n ju ti inú kéèjì lọ, ó sì le lẹ́nu. Èmi máa ń ra ògbólógbòó tó ti yé ẹyin tán fún ọbẹ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀, omi ọbẹ̀ rẹ̀ kò lẹ́gbẹ́.

Ẹ má gbà kí wọ́n so ẹsẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wá gbé orí rẹ̀ kọ́ sísàlẹ̀ lára ọ̀kadà. Páálí tí ẹ lu ihò sí ti tó. Ẹ sì dúró ti ẹni tó ń pa á. Mo ti rí i ní ọjà tí ọmọkùnrin kan gé ọrùn adìyẹ, tó sọ ọ́ sínú omi gbígbóná lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹ́ rẹ̀ sì ń lu ìkòkò gbà-gbà-gbà. Yàtọ̀ sí ìkà, ẹ̀jẹ̀ kò ráyè dà kúrò lára irú ẹran bẹ́ẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì péré ni mo ń bẹ̀ wọ́n fún, kí ó kú tán, kí ẹ̀jẹ̀ dà tán.

Ẹja

Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti kọ́ ẹja wíwò. Ojú ẹja ni wọ́n ń kọ́kọ́ wò níbẹ̀: kó yọ síta, kó mọ́ bíi gíláàsì. Ojú tó ti wọnú, tó funfun bí ojú àgbàlagbà, ó ti pẹ́. Ẹ ṣí ìjàgbọ̀n rẹ̀, ibi tó fi ń mí, kí ẹ wo inú: pupa ló yẹ kó jẹ́. Ìpẹ́ rẹ̀ kó dì mọ́ ọn lára. Òórùn omi ló yẹ kó máa rùn. Tí wọ́n bá da ẹja oríṣiríṣi, ńlá, kékeré àti ọmọ wẹ́wẹ́, pọ̀ sójú kan, tí ẹ kò rí ojú àwọ̀n tàbí ìwọ̀ lára èyíkéyìí, ẹ fura. Àwọn kan ṣì ń da Gàmálìn, oògùn apakòkòrò olóró, sínú odò láti fi pa ẹja.

Òkú Èkó: Titus, kòtè, pánlá. Orúkọ náà ti kìlọ̀ fún wa tẹ́lẹ̀. Kó jẹ́ pé ó le gan-an bí òkúta nígbà tí ẹ rà á, ikùn rẹ̀ kó má ya, páálí rẹ̀ kó má rin. Titus ni mo máa ń ṣọ́ jù. Tó bá ti yọ́, tó sì jókòó sínú ooru, èròjà kan tí wọ́n ń pè ní histamine á pọ̀ lára rẹ̀. Dídín kò pa á, síse kò pa á. Ẹni tó bá jẹ ẹ́, ojú rẹ̀ á pọ́n, orí á fọ́ ọ, ara á máa yún un, yóò sì ní ẹja ló kórìíra òun. Ẹja tó ta lẹ́nu bí ata nígbà tí ẹ kò tíì fi ata sí i, ẹ tu ú jáde.

Àrọ̀ inú agbada omi, ẹ wò ó bóyá ó ní egbò lórí tàbí funfun bí òwú lára. Ẹ béèrè ohun tó ń jẹ. Àwọn kan ń fi òkú adìyẹ bọ́ ọ, ẹ kò sì mọ ohun tó pa adìyẹ yẹn. Tí ẹja bá ń rùn ẹrẹ̀, ẹ fi sínú omi mímọ́ fún ọjọ́ méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ omi náà, láìfún un lóúnjẹ. Ní ti pípa á: iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà lé e lórí láàyè, tó ń yí gbiri nínú ike, ẹ jẹ́ ká jáwọ́ níbẹ̀. Kí wọ́n fi igi lù ú lórí lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn ojú, pẹ̀lú agbára. Kí wọ́n tó gé e. Tó bá ti kú, ẹ lè da iyọ̀ tó wù yín sí i láti fi fọ ara rẹ̀.

Ẹja gbígbẹ, ẹ ṣẹ́ ọ̀kan sí méjì. Tí inú rẹ̀ bá rin, olú á hù sí i láìpẹ́. Tí ó bá ti pẹ́ lọ́jà tí eṣinṣin kan kò sì bà lé e, tí òórùn oògùn ń jáde, wọ́n ti fín ọ̀tápiàpià sí i. NAFDAC fòfin de ìgò kékeré irú oògùn yẹn ní 2019, irú ìlòkulò báyìí sì wà lára ohun tó fà á. Omi gbígbóná àti iyọ̀ kò fọ̀ ọ́ kúrò tán. Ẹni tó ń yan ẹja fúnra rẹ̀ ni kí ẹ bá dòwò pọ̀.

Tó bá ti délé

Pákó ẹran yàtọ̀ sí pákó ẹ̀fọ́. Ẹ má fọ adìyẹ lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń tú yàà, torí omi tó ń ta káàkiri ló ń gbé kòkòrò lọ sórí abọ́; inú ike ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́, kí ẹ sì fọ ike náà. Inú adìyẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé 74°C.

Iná ọba ni ìṣòro tó kù. Fíríìsà tó kún dáadáa, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí, lè mú òtútù rẹ̀ dání fún wákàtí 48; tó bá kún dé ìdajì, 24. Fíríìjì lásán, wákàtí 4 péré. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá rin ìrìn àjò ńkọ́, tí iná lọ tó sì padà dé kí ẹ tó dé? Mo ń gbé ife omi kan sínú fíríìsà kó dì, màá wá fi ẹyọ kọ́bọ̀ àtijọ́ kan lé orí yìnyín náà. Tí mo bá dé, tí mo bá bá kọ́bọ̀ náà lórí yìnyín, a ó se ẹran. Tí mo bá bá a ní ìsàlẹ̀ ife, mi ò tún ń gbọ́ òórùn ẹran wò mọ́. Mo ti ń wá ọ̀rá tí màá kó wọn sí.